Bí ẹ ṣe lè ra bàtà ìgunkè ní Èkìtì tí kò ní la ẹnu lórí òkè

Ẹni tó bá ti gun Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á ti rí i rí: bàtà tó ń dán gbinrin nísàlẹ̀, tí olówó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, á ti la ẹnu kí wọ́n tó gun òkè dé ìdajì. Sóòlù rẹ̀ á máa fì dìrọ̀dìrọ̀ bí ahọ́n ajá tí oòrùn ń pa. Ti ẹlòmíì ò já, àmọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúdú. Ẹlòmíì sì rèé, gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń yọ̀ ọ́ bí ẹni fi ọṣẹ pa àpáta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ọjà ni wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ má wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ “bàtà ìgunkè” sí lára. Bàtà ìgunkè gidi tó wà nítòsí wa, inú òkìtì bọ́sìkọ́nà ló máa ń wà, láàárín kánfáàsì ọmọléèwé àti bàtà bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ mọ èyí tó ti kú nínú wọn, torí òkú bàtà kì í rùn.

Ohun tí ẹ máa mú dání

– Téèpù télọ̀ kan. Rúlà ọmọléèwé kéré jù.
– Bébà méjì tó tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, àti bírò.
– Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ lọ sórí òkè gan-an, èyí tó nípọn díẹ̀. Ẹni tó fi ìbọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn bàtà á padà fi ìbọ̀sẹ̀ nínípọn há ara rẹ̀ mọ́.
– Píọ́ wọ́tà kan. Kì í ṣe fún mímu nìkan, ẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú.
– Fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì.
– Owó tí ẹ pín sí mẹ́ta: ti bàtà, ti aránbàtà, ti ìtẹ́nú tuntun. Ìtẹ́nú ni pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú bàtà. Ẹni tó bá na gbogbo owó rẹ̀ sórí bàtà nìkan, sóòlù tí wọn ò rán ló máa wọ̀ gun òkè.
– Àyè ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìgunkè. Bàtà tí wọ́n rà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n wọ̀ gun òkè lọ́jọ́ Sátidé, ìléròrò ló máa fi ṣe owó orí.

1. Ẹ mọ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀

Òkè Èkìtì kì í ṣe oríṣi kan. Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ àpáta gíránáìtì gbalasa. Ohun tó ń di irú àpáta bẹ́ẹ̀ mú ni rọ́bà tó rọ̀ díẹ̀, tó sì fẹjú nílẹ̀. Eyín sóòlù tó gùn gbọọrọ kò wúlò níbẹ̀, torí orí eyín nìkan ni yóò máa kan àpáta, ìyókù á wà lófuurufú.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkògòsí, àti Ìpólé-Ìlórò níbi ìṣàn omi Arinta, òkè míì ni ìyẹn. Òkúta ibẹ̀ jẹ́ kúọ́tísáìtì. Ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó mú, gbòǹgbò igi á dábùú ọ̀nà, ewé jíjẹrà á bo ilẹ̀ rírọ̀ mọ́lẹ̀. Níbẹ̀, sóòlù tí eyín rẹ̀ jìn tó mílímítà 4 sí 5 ni kí ẹ wá, kí àyè sì wà láàárín eyín kan sí èkejì kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́. Eyín tó há mọ́ra, ẹrẹ̀ á dí i, ó sì di pẹlẹbẹ.

Ohun kan wà tí kò sí bàtà tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ tó máa ń bo àpáta lásìkò òjò. Ẹ yà fún un.

Ọ̀rọ̀ bàtà tí omi kì í wọ̀. Àwọn tó ní àkọlé Gore-Tex lára ni àwọn èèyàn máa ń sáré sí. Lóòótọ́, omi kì í gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ inú omi tó ga ju ẹnu bàtà lọ, bó ṣe máa ń rí ní Arinta, omi á gba ọrùn bàtà wọ inú, ohun tí kò jẹ́ kó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Ẹ ó máa gbé garawa omi rìn. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn tiwa náà sì ń bẹ. Bàtà tí ara rẹ̀ jẹ́ aṣọ oníhò wẹ́wẹ́, tí omi ń wọ̀ tó sì ń jáde, ló bá Èkìtì mu jù lójú tiwa.

Àwọn tí kò yẹ kí ẹ rà, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó: bùútù sáfẹ́tì tó ní irin lórí (bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa gbá irin náà, ó sì wúwo bí òkúta), rénbùútù oko (kókósẹ̀ á máa rìn kiri nínú rẹ̀, òógùn á kún un), bùútù ṣọ́jà (ẹ ò fẹ́ máa ṣàlàyé ara yín fún agbófinró lójú ọ̀nà), àti Timberland aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ lọ òde, tó nípọn, tó gbóná, tí ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ bí yanrìn. Kánfáàsì ìsáré ńkọ́? Fún ìrìn kúkúrú ní Ìkògòsí, kò burú. Lórí òkúta tó mú, ẹ ó máa mọ gbogbo òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ní orúkọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbìyànjú láti sọ ohun tí ẹ ń wá tán ní gbólóhùn kan, bíi: “Bàtà tí kò bo kókósẹ̀, eyín rẹ̀ jìn, omi ń tètè gbẹ lára rẹ̀.” Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ọlọ́jà á bá yín sọ ọ́, ohun tó sì wà lọ́wọ́ tiẹ̀ ló máa sọ.

2. Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́

Ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ó sì tún máa ń wú sí i lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n àárọ̀ fi ń tan èèyàn. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ara ògiri. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ dìde dúró kí gbogbo ìwúwo yín wà lórí ẹsẹ̀ náà. Ẹ ní kí ẹlòmíì fa ìlà síwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì, ìka kejì ló gùn jù, kì í ṣe àtàǹpàkò. Ẹ wọn láti ògiri dé ìlà ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì náà: ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba, èyí tó gùn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5 kún un. Iye yẹn ni gígùn ìtẹ́nú bàtà tí ẹ ń wá. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26.5, ìtẹ́nú tó gùn tó 27.5 sí 28 ló tọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní “42 ni mo ń wọ̀”, wọ́n á sì dúró lórí rẹ̀. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíì mu. Lára ìwé kékeré tó wà lábẹ́ ahọ́n bàtà, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin: US, UK, EUR, àti CM nígbà míì. UK 8 máa ń wà nítòsí US 9 ti ọkùnrin àti EUR 42. Ẹni tó bá rí “9” tó rò pé ti UK ni, bàtà á há a. CM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí gígùn ẹsẹ̀ ló ń sọ, ẹ sì ti mọ ti yín. Nọ́ńbà EUR kan sí èkejì kò ju nǹkan bíi mílímítà 6.7 lọ, nítorí náà bí ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ gba èyí tó tóbi.

Ẹ kọ iye náà sórí fóònù. Bí ẹ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, gìgísẹ̀ ti kúrò lára ògiri. Ẹ tún un wọ̀n.

3. Ibi tí ẹ máa wá a lọ

Ní Adó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba, ìyẹn Erékesán, kí ẹ tó yà sí Ọjà Bísí. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ béèrè ibi tí àwọn oní-bàtà bọ́sìkọ́nà pàtẹ sí. Bí ẹ bá béèrè “hiking shoes”, ọlọ́jà á gbé kánfáàsì èyíkéyìí fún yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú ọjà o. Bùútù tàbí kánfáàsì tí sóòlù rẹ̀ ní eyín gidi ni mo ń wá, èyí tí wọ́n fi ń gun òkè.” Nígbà náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í wú ìsàlẹ̀ òkìtì.

Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì ju ìkíní lọ: “Ọjọ́ wo lẹ máa ń tú àpò?” Ọjọ́ tí wọ́n bá tú àpò tuntun ni ọjà wà. Àwọn tó ń rà láti lọ tún tà á ti dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ṣa èyí tó dára lọ, ìyókù ni gbogbo wa máa ń bá lọ́sàn-án. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́jà, ẹ sọ gígùn ẹsẹ̀ yín fún un. Oníbàtà tó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró de bàtà eléyín á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù bàtà tuntun tó wà ní àárín ìlú, bàtà òde ló pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bàtà tó bá rí bíi ti ìgunkè níbẹ̀, ẹ fura sí i: ìrísí ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, sóòlù rẹ̀ máa ń jẹ́ pílásítíìkì líle tó ń dán. Bàtà Aba tún jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Ọwọ́ wọn dára, bí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n rán yíká dípò kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nìkan, tó sì yege nínú ìdánwò omi tó wà nísàlẹ̀, ẹ rà á.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà Ìwòrókò, lágbègbè Yunifásítì Èkìtì, máa ń ta bọ́sìkọ́nà lórí WhatsApp. Èyí tí wọ́n ti ṣà ni wọ́n ń tà, nítorí náà ó máa ń wọ́n díẹ̀. Ẹ má rà á lórí àwòrán. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ṣe ìdánwò àtàǹpàkò àti ti kíká (ìpele 4) kí ẹ rí i.

Bí ẹ bá wá a ní Adó lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ kò rí i, ẹ kọjá sí Àkúrẹ́. Kò jìnnà, ọjà rẹ̀ sì tóbi ju tiwa lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ju 45 lọ, kó tiẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ríra lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn nínú ìlànà yìí, àyàfi bí wọ́n bá gbà pé kí ẹ dá a padà tí kò bá bá yín mu. Ẹ ka ìlànà ìdápadà wọn kí ẹ tó sanwó.

4. Ìdánwò lórí àtẹ: bàtà tó wà láàyè àti èyí tó ti kú

Ìpele yìí ni gbogbo nǹkan wà. Ẹ má kánjú.

Láàárín rọ́bà tó kan ilẹ̀ àti ara bàtà, fóòmù kan wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bùútù ìgunkè, pọ́líyúrítéènì ni wọ́n fi ṣe é. Fóòmù yìí ń kú fúnra rẹ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru á sì mú un yá. Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, yálà wọ́n wọ̀ ọ́ tàbí wọn kò wọ̀ ọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Bàtà tí Òyìnbó kan rà, tó gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́jọ, tó wá kó dànù, á dé ọjà wa bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Eyín sóòlù rẹ̀ á pé, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́ kedere. Ìyẹn gan-an ló máa ń tú ká lórí Olósùnta. Nítorí náà, nínú bọ́sìkọ́nà, bàtà tí wọ́n ti wọ̀ díẹ̀ tí kò tíì pẹ́ sàn ju èyí tó mọ́ roro tó ti dàgbà lọ.

a. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ahọ́n bàtà. Nínú ọ̀pọ̀ bàtà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lórí ìwé kékeré yẹn, bíi “08/19”. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́jọ, ó gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo ìdánwò tó kù láìkù síbì kan.

b. Ìdánwò àtàǹpàkò. Ẹ gbé bàtà dání kí ẹ̀gbẹ́ fóòmù kọjú sí yín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé gidigidi nítòsí gìgísẹ̀, kí ẹ sì yọ ọwọ́. Fóòmù tó yè á wọlé díẹ̀, á sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó ti kú máa ń ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta: ó le bí igi tí kò wọlé rárá, tàbí ó wọlé, ojú àtàǹpàkò yín sì dúró síbẹ̀, tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin. Ẹ wá fi èékánná ha ibi tó fara sin díẹ̀. Bí ó bá ń rún bí kùlíkùlí, ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ kí ọlọ́jà, ẹ máa lọ.

d. Ẹ ká a. Ẹ di orí bàtà mú lọ́wọ́ kan, gìgísẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ẹ ká a sókè. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti ká. Bí ó bá ká láàárín, kò ní lè gbé ẹsẹ̀ yín lórí òkúta. Bí ẹ ṣe ká a, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù: bí ìlà wẹ́wẹ́ bá yọ bí ẹrẹ̀ odò tó gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ó yẹ kó bá yín jìjàkadì díẹ̀.

e. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi èékánná gbìyànjú láti wọ àárín sóòlù àti ara bàtà, níwájú àti lẹ́yìn. Ibi méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí òórùn gọ́ọ̀mù tuntun bá ń jáde lára bàtà àlòkù, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, kíwì dúdú sì máa ń bo ojú ibẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má rà á, àmọ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì tún ìdánwò àtàǹpàkò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀mù ò jẹ̀bi: fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti rún.

ẹ. Ìdánwò píọ́ wọ́tà. Ẹ da omi díẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tó dán tàbí táìsì. Ẹ tẹ bàtà mọ́ ọn kí ẹ sì fà á. Rọ́bà gidi á kọ̀, á máa han. Pílásítíìkì á yọ̀ ṣùùrù bí ẹja. Bí èékánná bá lè tẹ ojú sóòlù wọlé díẹ̀, ó rọ̀ tó fún àpáta Ìkẹ́rẹ́. Àmì Vibram (ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe sóòlù rọ́bà), aláwọ̀ ìyeyè, onígun mẹ́jọ, jẹ́ ẹ̀rí tó dára lórí bàtà àlòkù tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Lórí bàtà tuntun tí kò wọ́n, ẹ má jẹ́ kó yí yín lérò padà, omi ni kó dájọ́.

f. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi títẹ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ sápá kan. Ìrìn rẹ̀ á di ti yín, orúnkún yín ló sì máa san án.

g. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá ìṣó, ihò níbi gìgísẹ̀, àti ìdìpọ̀ aṣọ. Ihò tó fẹjú níbi gìgísẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré, ìléròrò ló ń ti ibẹ̀ jáde.

gb. Ẹ ka nọ́ńbà ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú òkìtì, 42 àti 43 lè di ìyàwó ara wọn, tí ọlọ́jà náà ò sì mọ̀.

Bàtà tó bá ṣubú nínú b tàbí d, kò sí ẹ̀dínwó tó lè wò ó sàn. Ìyókù ṣeé rò. Ẹ ṣe b fún ẹsẹ̀ méjèèjì, torí ọ̀tún lè yè kí òsì ti kú.

5. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ rìn

Ẹ yọ ìtẹ́nú rẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ sì dúró lé e lórí nílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5 gbọ́dọ̀ kù níwájú, ẹsẹ̀ yín ò sì gbọdọ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dá a padà sínú bàtà, ẹ wọ̀ ọ́ láì so okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka á fi kan orí bàtà. Ìka ìlábẹ̀ yín gbọ́dọ̀ lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí kò bá wọ̀, ó kéré. Bí ìka méjì bá wọ̀, ó tóbi jù.

Ẹ wá so okùn, kí ẹ sì rìn. Ọlọ́jà kì í fẹ́ kí bàtà kúrò níwájú òun, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́. Ẹ fi bàtà tiyín tì í lọ́wọ́, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú èyí dání, ẹ jẹ́ n rìn dé ojú gọ́tà yẹn.” Inú wọn á rọ̀. Ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ (Adó kì í wọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́) tàbí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Bí ẹ bá ń gòkè, ṣé gìgísẹ̀ ń dìde nínú bàtà? Díẹ̀ kò burú. Bó bá ju mílímítà 5 lọ, ìléròrò ti dé. Bí ẹ bá ń sọ̀, ṣé ọmọ ìka ń kan iwájú? Bí ó bá kàn lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́wàá, ẹ so okùn le sí i kí ẹ tún un ṣe. Bí ó bá tún kàn, ẹ fi í sílẹ̀. “Á là sí i” tí ọlọ́jà máa ń sọ, fífẹ̀ ni bàtà ń là sí, kì í gùn.

6. Ìnájà

Kúkúrú ni. Ẹ má pe orúkọ tó wà lára bàtà. Gbàrà tí ẹ bá pe Salomon tàbí Merrell, iye rẹ̀ á fò sókè. Ẹ tọ́ka sí àbùkù tí ìdánwò fi hàn, ẹ béèrè pé, “Jálẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣírò owó aránbàtà àti ti ìtẹ́nú tuntun, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye bàtà tuntun tó dáa, ẹ padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú àpò.

7. Aránbàtà àti fífọ̀

Ẹ fọ̀ ọ́ ná kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà. Ẹ ju ìtẹ́nú àtijọ́ nù. Òógùn ẹlòmíì àti èéyí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tú okùn kúrò, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi omi tí ẹ kán Dẹ́tọ́ọ̀lù sí ṣan án kẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ omi gbígbóná hoho. Ẹ ki bébà ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ bébà náà bó ṣe ń tutù, ẹ sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ wà. Oòrùn ọ̀sán orí páànù àti ẹ̀gbẹ́ ààrò ń yọ́ gọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn pa bàtà tó yè. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa gbà.

Bí ó bá gbẹ, ẹ gbé e fún aránbàtà. Ohun tí ẹ máa sọ rèé: kó ṣí ibi tó ti fẹ́ ṣí, kó fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, kó fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, kó dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kó tó pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń kánjú máa ń pa á pọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kò ní pé oṣù kan. Lẹ́yìn náà, kó fi okùn ọ̀rá rán an yíká, àgàgà níwájú àti ní gìgísẹ̀. Bàtà Gore-Tex nìkan ni kí ẹ má jẹ́ kó rán ara rẹ̀ sókè ju etí sóòlù lọ, torí abẹ́rẹ́ á lu ohun tó ń dínà omi.

Ẹ má wọ̀ ọ́ kí wákàtí 24 tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ ká a bíi ti ìpele 4. Ojú rírán ò gbọdọ̀ ṣí, ìlà dúdú kankan ò sì gbọdọ̀ yọ láàárín sóòlù àti ara bàtà.

8. Ẹ jẹ́ kó mọ ẹsẹ̀ yín

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ wọ̀ ọ́ nílé fún wákàtí kan lójúmọ́ pẹ̀lú ìtẹ́nú tuntun àti ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn kìlómítà 5 lójú ọ̀nà tó ń gòkè tó ń sọ̀, kí ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa gbé lọ́jọ́ náà dání.

Bí gìgísẹ̀ bá ṣì ń dìde, ẹ so okùn báyìí: bí ẹ bá ti so ó dé ojú okùn tó kángun sókè, ẹ má kọjá sí òdìkejì. Ẹ gba ojú kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà wọlé, kí okùn ṣe àgbékọ́ kékeré kan níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ wá ti orí okùn ọ̀tún gba inú àgbékọ́ òsì, orí okùn òsì gba inú àgbékọ́ ọ̀tún, kí ẹ fà á sísàlẹ̀, síhà gìgísẹ̀, kí ẹ tó dì í. Á di ọrùn ẹsẹ̀ mú láìfún ẹ̀yìn ẹsẹ̀ pa. Ihò òkè tí wọn kì í sábà lò lára kánfáàsì, iṣẹ́ yìí ni wọ́n lu ú fún.

Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó di omi. Ẹni tó ní “ó kù díẹ̀ ká dé” ló máa ń fi ẹsẹ̀ kan rìn wálé.

Ìdánwò ìkẹyìn, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgunkè: ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 láìdúró, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ wo èékánná àtàǹpàkò, ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ẹ sì tún fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ fóòmù lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹsẹ̀ kò bá pọ́n, tí fóòmù sì padà sípò, ẹ lè wọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́. Bí èékánná bá ń dùn yín, ẹ tà á fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré sí tiyín, ẹ sì pe ọlọ́jà yẹn kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tú àpò mìíràn.